Ọmọ Auchi tí Ó fi Ìjàkadì Gba Bẹ́líìtì: Ọ̀rọ̀ fún Òbí àti Ọ̀dọ́ Ìdálẹ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń sọ. Ọ̀rọ̀ ìjàkadì ni. Àwọn òbí a máa bi wá léèrè pé kí ni kí àwọn ṣe sí ọmọkùnrin àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn ju ìjà lọ, tí ó ń fi òru wo ìjà lórí fóònù, tí ó sì ń wí pé bí òun bá ti jáde ìwé mẹ́wàá, iṣẹ́ oníjà ni òun yóò ṣe. Òmíràn nínú àwọn òbí náà ń bẹ̀rù, òmíràn sì ń bínú. Òmíràn tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ó ti gbọ́ pé owó ńlá wà níbẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ gbá sẹ́yìn. Owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọjọ́ iwájú ọmọ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìgbésí ayé ẹnì kan wò, ẹni tí ó rin ọ̀nà náà dé òkè pátápátá, tí ó sì tún ti òkè náà ṣubú lójú gbogbo ayé.

Orúkọ rẹ̀ ni Kamaru Usman. Kamarudeen ni wọ́n sọ ọ́ ní kíkún, orúkọ tí ó pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àdúgbò wa tí a kì í ti í pe Kàmọ́rù kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1987 ni wọ́n bí i ní Auchi, ìlú tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Edo lónìí. Auchi kò ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará Àkókó mọ̀ pé ìlú náà kò jìnnà sí tiyín, púpọ̀ nínú yín sì ń gba ibẹ̀ kọjá bí ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 8, àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ìlú Arlington ní Texas ṣe ibùgbé. Òun náà, bí àwọn ọmọ yín tí wọ́n ń dàgbà ní Enugu, di ọmọ ìdálẹ̀ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó fẹ́.

Ẹ ó rántí pé àwọn tí wọ́n ń wo ìjà mọ̀ ọ́n sí “The Nigerian Nightmare”, èyí tí a lè túmọ̀ sí Àlá-burúkú láti Nàìjíríà. Orúkọ yìí kì í ṣe tirẹ̀ ní àkọ́kọ́, ìlú Enugu yìí gan-an ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti wá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ni Christian Okoye, ọmọ Igbo tí wọ́n bí ní Enugu ní ọdún 1961. Okoye lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó ń ju abala irin ní pápá, wọ́n sì fa òun náà sínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti àwọn ará Amẹ́ríkà, eré tí kò mọ̀ rí nígbà tí ó wà ní ilé. Ní ọdún 1989, nígbà tí ó ń gbá fún ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs, òun ni ó fi bọ́ọ̀lù sáré jìnnà jù lọ nínú gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì náà. Nígbà tí Usman fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ìnagijẹ yìí, kò kàn gbé e wọ̀. Ó lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Okoye, Okoye sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ ilé ni èyí. Ẹni tí a kọ́ ní ilé mọ̀ pé oyè kì í ṣe ohun tí a ń jí gbé.

Ó tún ní orúkọ kẹta, èyí tí a fẹ́ kí àwọn òbí fi etí sí. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Texas, orúkọ Kamarudeen le lẹ́nu olùkọ́ni rẹ̀, ó sì sọ ọmọ náà di Marty. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ Marty. Nígbà tí ó ti dàgbà tí ó sì ti di ẹni tí ayé mọ̀, ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé Kamaru ni òun. A mọ ilé púpọ̀ ní ìlú yìí tí ọmọ wọn tí ń jẹ́ Olúwáfẹ́mi ti di nǹkan mìíràn ní ilé ìwé, tí òbí sì wí pé kò burú. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ó ti wù kí ó rọ àlejò lọ́rùn tó láti gé e kúrú, kí òbí má ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìjàkadì náà. Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ oríkì Ọ̀fà tí kò mọ ipò tí ìjàkadì wà níbẹ̀. Àwọn ará Igbo tí a ń bá gbé pẹ̀lú ní tiwọn tí wọ́n ń pè ní mgba, ẹni tí ó sì ti ka ìwé Chinua Achebe tí ń jẹ́ Things Fall Apart yóò rántí pé ìjàkadì ni ó sọ Okonkwo di olókìkí. Nínú ìjàkadì ti ìbílẹ̀, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú, ìjà ti parí, a óò sì fà á dìde. A kì í lù ú nílẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ni Usman ti kọ́ ìjàkadì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní girama ní Arlington, ó lọ sí Yunifásítì William Penn ní Iowa, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Yunifásítì Nebraska tí ó wà ní Kearney. Ní ọdún 2010 ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn yunifásítì ìpele kejì ní gbogbo Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju 174 pọ́n-ùn lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 79. Ó fẹ́ bá Amẹ́ríkà lọ sí Òlíḿpíìkì ọdún 2012, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò là. Ní ọdún 2010 kan náà ni ilé ẹjọ́ rán bàbá rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà, kò sì jáde títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Ẹ fi ojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ́gun ní ilé ìwé, tí Òlíḿpíìkì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí bàbá rẹ̀ kò sì sí ní ilé. Ní òpin ọdún 2012 ni ó wọ inú ìjà olówó.

Ìjà yìí ni wọ́n ń pè ní MMA. Ìdí tí ó fi ní orúkọ bẹ́ẹ̀ ni pé a kó oríṣiríṣi ìjà pọ̀ sínú rẹ̀: ẹ̀ṣẹ́, ìpá, ìjàkadì, àti ìjà ilẹ̀ nínú èyí tí a ń fún ni lọ́rùn tàbí tí a ń yí apá ẹni títí tí yóò fi gbà pé òun kò lè ṣe é mọ́. Ẹgbẹ́ tí ó lókìkí jù nínú rẹ̀ ni UFC, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Denver ní oṣù kọkànlá ọdún 1993. Nígbà náà òfin kò pọ̀, ẹni kúkúrú a sì máa pàdé òmìrán. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe òfin tí ó múná sí i: wọ́n pín àwọn oníjà sí ìwọ̀n, wọ́n fi ìbọ̀wọ́ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ka lílu ẹ̀yìn orí léèwọ̀. Inú ọgbà onígun mẹ́jọ tí a fi wáyà yí ká ni wọ́n ti ń jà. Ìjà lásán jẹ́ abala 3, ìjà fún bẹ́líìtì jẹ́ abala 5, abala kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú 5.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ìjàkadì wúlò fún níbi tí a ti ń ta ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá? Ó wúlò púpọ̀. Ẹni tí ó mọ ìjàkadì ni ó ń yan ibi tí ìjà yóò ti wáyé. Bí ó bá fẹ́ kí ó jẹ́ orí ìdúró, kò sí ẹni tí yóò lè gbé e ṣubú. Bí ó bá sì fẹ́ kí ó jẹ́ ilẹ̀, yóò wọlé sí ẹsẹ̀ ẹnì kejì, yóò gbá a mọ́ wáyà, yóò gbé gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ lé e títí tí èémí yóò fi wọ́n ọ̀tá. Ohun tí Usman fi ṣe iṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ nìyí. Kì í ṣe ìjà tí ó dùn-ún wò ní gbogbo ìgbà, àwọn òǹwòran a sì máa hó lé e lórí, ṣùgbọ́n ó ń borí.

Kì í sì í ṣe pé ó borí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ìjà olówó rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní ọdún 2013, wọ́n fún un lọ́rùn, ó sì pàdánù. Ó padà lọ kọ́ ohun tí kò mọ̀. Ní ọdún 2015 ó borí nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n tí UFC fi ń yan àwọn tuntun, ó sì wọ inú ẹgbẹ́ náà. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó na ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leon Edwards, ẹni tí wọ́n bí ní Jàmáíkà tí wọ́n sì tọ́ ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ náà pamọ́, nítorí a ó tún padà bá a.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2019, ní Las Vegas, Usman pàdé Tyron Woodley tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n 170 pọ́n-ùn, nǹkan bí kílò 77. Abala 5 ni wọ́n jà, àwọn onídàájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún Usman. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba bẹ́líìtì UFC. Kí ọdún náà tó parí, Israel Adesanya, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó tí ó sì dàgbà ní New Zealand, gba tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Francis Ngannou ará Kamẹrúùnù gba ti àwọn tí ìwọ̀n wọn tóbi jù. Ó wá di pé ọmọ Áfíríkà 3 ni ó di bẹ́líìtì mú lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀.

Ìgbà 5 ni Usman gbèjà bẹ́líìtì náà. Ìjà oṣù kejìlá ọdún 2019 pẹ̀lú Colby Covington ni a fẹ́ tọ́ka sí. Ajìjàkadì ni àwọn méjèèjì láti yunifásítì. Gbogbo ènìyàn rò pé wọn yóò máa gbé ara wọn ṣubú. Ṣùgbọ́n nítorí pé olúkúlùkù mọ̀ pé ẹnì kejì kò ṣeé dá, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ní abala karùn-ún, Usman ti fọ́ egungun àgbọ̀n Covington, rẹfirí sì dá ìjà dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí: iṣẹ́ tí ènìyàn mọ̀ dáadáa lè máà jáde lójú ọjà ní ọjọ́ kan, síbẹ̀ kí ó jẹ́ òun ni ó mú ohun yòókù dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2022, ní Salt Lake City. Usman ti borí nínú ìjà 15 ní ìtẹ̀léra ní UFC, ó kù 1 kí ó bá Anderson Silva ará Bùràsíìlì dọ́gba. Ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni Leon Edwards, èyí tí ó ti nà ní ọdún 2015. Ní abala kìíní, Edwards gbé e ṣubú, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe sí i rí láti ìgbà tí ó ti wọ UFC. Usman dìde, ó gba abala kejì, ó gba ẹ̀kẹta, ó gba ẹ̀kẹrin. Ní abala karùn-ún, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí ìjà náà ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti tán. Ó ku ìṣẹ́jú-àáyá 56. Edwards fi ọwọ́ òsì tan án jẹ, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ó fi gbá a ní orí, Usman sì ṣubú gbalaja láì mọ ibi tí ó wà. Ìṣẹ́jú 24 àti díẹ̀ ni ó ti fi jà dáadáa. Òní ń jẹ́ òní, ọ̀la ń jẹ́ ọ̀la.

Kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní ọdún 2021, Ọ̀dúnayọ̀ Adékúoróyè, ọmọ wa tí ó ti gba wúrà ìjàkadì ní ìdíje Commonwealth, ń ṣíwájú nínú ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹnì kejì kì í mọ́lẹ̀ lójijì. Ìjà parí níbẹ̀. Àwọn kan ní ilé bú u. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022 ó tún lọ sí Commonwealth ní Birmingham, ó sì tún gba wúrà.

Kí ni Usman ṣe lẹ́yìn ìṣubú rẹ̀? Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ó lọ bá Edwards ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, láàárín àwọn ènìyàn ẹni náà, ó sì tún pàdánù. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n pè é lójijì láti rọ́pò ẹnì kan, kò sì ní tó ọ̀sẹ̀ méjì láti múra. Ó bá Khamzat Chimaev jà ní Abu Dhabi ní ìwọ̀n tí ó ju tirẹ̀ lọ, ó tún pàdánù. Ó di ìjà 3 tí kò rí ọ̀kan mú. Ogún oṣù ni ó fi jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ wí pé ó ti parí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2025, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 38, ó pàdé Joaquin Buckley ní Atlanta, ẹni tí ó kéré sí i ní ọjọ́ orí tí ó sì ń ta ẹ̀ṣẹ́ bí ìjì. Ohun tí ó kọ́ ní ilé ìwé ní Texas ni ó padà sí: ó wọlé sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e ṣubú, ó jókòó lé e. Gbogbo onídàájọ́ ni ó fún un.

Ìtàn náà dùn, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni a ó sọ fún yín bí a bá dúró níbẹ̀, nítorí iṣẹ́ yìí ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe é. Usman fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé eékún òun ti bàjẹ́ tipẹ́, ní ọdún 2022 wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ sí ọwọ́ rẹ̀. Ti orí ni ó burú jù. Láti ọdún 1928 ni àwọn oníṣègùn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ tí a ń gbà sí orí léraléra a máa ba ọpọlọ jẹ́, tí ènìyàn yóò fi máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí iyè rẹ̀ yóò sì máa ra. Àìsàn yìí kì í sì í fara hàn ní ọjọ́ ìjà, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni. Bákan náà, kí oníjà tó gun òṣùwọ̀n, yóò fi ooru fa omi jáde lára rẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ bí igi, kí ìwọ̀n rẹ̀ lè wálẹ̀. Àwọn kan ti ti ibẹ̀ kú.

Ní ti owó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan fi bẹ́líìtì mẹ́wàá tàn yín jẹ. Àwọn oníjà UFC kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù. Ìjà ni wọ́n ń gba owó lé, ẹni tí ó bá fi ara pa kò jà, ẹni tí kò bá jà kò gbowó. Ní ọdún 2014 ni àwọn oníjà kan gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí ilé ẹjọ́ pé ó ń tẹ owó àwọn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2025 ni adájọ́ fi ọwọ́ sí i kí wọ́n san mílíọ̀nù dọ́là 375 fún wọn láti parí ẹjọ́ náà. Bí owó bá tó bí àwọn ọmọ wa ti rò ó, kí ni ìbá gbé wọn dé ilé ẹjọ́?

Àpẹẹrẹ kan sì wà tí ó sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dick Tiger, ọmọ Amaigbo ní ilẹ̀ Igbo níbí, gba bẹ́líìtì ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní ọdún 1962. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ni ó ti gbèjà rẹ̀ lójú àwọn bàbá wa, tí Yorùbá àti Igbo jọ hó ìhó ayọ̀. Ogun abẹ́lé kó púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ lọ. Nígbà tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni ó ń ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ní oṣù kejìlá ọdún 1971 ni ó kú sí Aba. Akọni ènìyàn ni, a sì ń bu ọlá fún un títí di òní. A mẹ́nu kàn án kí òbí lè mọ̀ pé ariwo pápá kì í bá ènìyàn dé ilé.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni iṣẹ́ yìí? Àwọn kan nínú yín ń retí kí a wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kí a sì pa ìwé dé. Ìjàkadì fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò tijú láti fi àwọn eléré ìdárayá ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í ṣe ọjà, àti ti ẹni tí ń lù àti ti ẹni tí a ń lù. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a dá ènìyàn ṣubú kí a sì fà á dìde, àti kí a máa lu ẹni tí ó ti dákú lórí ilẹ̀ nítorí kí àwọn òǹwòran lè hó. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lè dáhùn ìbéèrè yìí fún ara rẹ̀ kí ó tó wọ inú ọgbà wáyà náà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwa kò lè bá a dáhùn rẹ̀, òbí rẹ̀ pẹ̀lú kò sì lè bá a dáhùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ohun tí a ní í sọ fún yín nìyí. Ẹ má ṣe fi ẹgba lé ọmọ tí ó fẹ́ràn ìjà. Ẹ fi ìjàkadì ilé ìwé tì í. Èyí ni ó ní òfin, tí ẹ̀ṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀, tí ó sì lè fún un ní ẹ̀kọ́ ìwé pẹ̀lú. Blessing Oborududu fi ìjàkadì gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Tokyo ní ọdún 2021, ẹni àkọ́kọ́ nínú wa tí ó gba àmì ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì nínú ìjàkadì. Daniel Igali, ọmọ Bayelsa, bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Commonwealth ní Kánádà ní ọdún 1994, ó dúró síbẹ̀, ó lọ sí yunifásítì, ó sì gba wúrà fún Kánádà ní Sydney ní ọdún 2000. Nígbà tí ó yá ó padà wá sí ilé láti darí ẹgbẹ́ ìjàkadì Nàìjíríà. Ẹ kíyè sí i pé Usman, Igali àti Okoye ní ohun kan tí ó pa wọ́n pọ̀: inú ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti rí ọ̀nà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ju ìwé sílẹ̀ lọ wá ìjà.

Bí ọmọ náà bá wá dàgbà, tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó sì tún wí pé iṣẹ́ yìí ni òun yóò ṣe, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn kọ́kọ́ yẹ orí àti ojú rẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kí amòfin ka ìwé àdéhùn rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i, ẹ sì bá a sọ òótọ́ nípa ọjọ́ tí yóò fi í sílẹ̀. Kí ó mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá sì ṣubú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ ojú títì ni yóò mú un sá fún ilé. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó wà ní ìlú òkèèrè tí wọn kò padà wá nítorí pé ohun tí wọ́n bá lọ kò bọ́ sí i. Ẹ pè wọ́n. Ẹ pe orúkọ wọn ní kíkún, kí ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ti jẹun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a kò kó yín jù. Bí ẹ bá tún jókòó ní òru tí ẹ ń wo ìjà Usman, ẹ má ṣe wo ọjọ́ tí ó gba bẹ́líìtì nìkan. Ẹ wo ìjà Salt Lake City títí dé ìṣẹ́jú-àáyá 56 yẹn, kí ẹ wá wo ti Atlanta. Ọdún 3 ó dín oṣù 2 ni ó wà láàárín wọn. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ó ń ṣe ní àwọn òwúrọ̀ ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí kò sí ẹni tí ń ya fọ́tò rẹ̀.